Ọjọ́ Tí Àǹtí Ẹ-Má-Bínú Bínú

Bí ẹ bá ra fìríìjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn, tí kò tutù, tí ẹ wá fi ìbínú pè wọ́n lórí fóònù, ohùn obìnrin kan lẹ máa gbọ́. Kó tó mọ ohun tó ṣe yín, á ti sọ pé, "Ẹ má bínú." Bí ẹ bá bú u, á ní ẹ má bínú. Bí ẹ bá bú ìyá tó bí i lọ́mọ, á mí kanlẹ̀, á tún ní ẹ má bínú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń pè é ní Àǹtí Ẹ-Má-Bínú. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé orúkọ náà bá ìwà rẹ̀ mu. Irọ́ gbuu! Obìnrin náà mọ inú í bí, ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbínú ni. Èyí tó tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ilẹ̀ fi máa gbẹ kò tíì bà jẹ́. Ó sàn ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni tíì gbé sínú fìríìjì wọn lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àga mẹ́rin tí ọ̀kan nínú wọn ti sọ ẹsẹ̀ nù. Fèrèsé wọn kọjú sí àgbàlá tí àwọn fìríìjì tó ti kú dúró sí, tí wọ́n fi okùn di ilẹ̀kùn wọn. Gbogbo ẹ̀sùn tí oníbàárà bá mú wá, ì báà jẹ́ lórí fóònù, ì báà jẹ́ pé ó kọ ọ́ ránṣẹ́, inú áàpù kan lórí kọ̀ǹpútà ló ń já sí. Àpótí ni wọ́n ń pe áàpù náà láàárín ara wọn. Bí ẹ̀sùn bá wọlé, á wà ní ṣíṣí títí ẹni tó yanjú rẹ̀ á fi tì í pa.

Àmọ́ àwọn tó ni Àpótí kì í gbé e fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Iye òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé. Máníjà ní kí ló kan òun kan orúkọ mẹ́rin. "Ṣebí inú yàrá kan náà lẹ jókòó sí? Ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ̀ ń sọ?" Orúkọ kan ṣoṣo ló rà, orúkọ náà sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, ìyẹn àbúrò Àǹtí, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tó dúdú dáadáa débi pé Adú ni gbogbo ayé ń pè é. Òun náà ló to Àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ pásíwọ́ọ̀dù mọ́ abẹ́ tábìlì, ẹni tó bá sì débi iṣẹ́ láàárọ̀ á tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á di Adú. Àǹtí jẹ́ Adú. Bàbá sísanra tó jókòó sí kọ̀rọ̀ jẹ́ Adú. Oníbàárà kì í rí orúkọ yìí, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń rí. Àfi kí èèyàn ṣí ẹ̀yìn ẹ̀sùn, níbi tí Àpótí ń kọ ọ́ sí pé lágbájá ló ṣe báyìí, lágbájá ló ṣe bọ́hùn-ún.

Máníjà yìí ga, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ẹ̀rín-Ò-Dénú ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí níbẹ̀. Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á wọ yàrá ẹ̀yìn, á patẹ́wọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀!" Á lé ẹnì kan dìde, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, á sì ti gbogbo ẹ̀sùn tó ṣì wà ní ṣíṣí pa lẹ́ẹ̀kan náà, àtèyí tí wọ́n yanjú àtèyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò. Nígbà náà ni Àpótí fúnra rẹ̀ á wá kọ̀wé sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí Máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún un: *Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A ti gbọ́ ẹ̀dùn yín, a sì ti yanjú rẹ̀. Inú wa dùn láti sìn yín.* Tó bá wá délé Alága, ìyá arúgbó tó ni ilé-iṣẹ́, á ní, "Kò sí ẹ̀sùn kankan nílẹ̀, mà."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí kò tutù mọ́. Ó ti pè, ó ti kọ̀wé, ó tún pè, tó bá sì ti di Jímọ̀, wọ́n á ní àwọn ti yanjú rẹ̀. Odindi páálí abẹ́rẹ́ ló ti bà jẹ́. Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó gbé páálí náà sórí tábìlì, ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ ti yanjú ẹ̀ ni mo wá wò. Mo kàn fẹ́ mọ ojú ẹ̀ ni."

Máníjà rẹ́rìn-ín. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀sùn náà, ó fìka tọ́ ọ. *Ẹni tó tì í pa: Adú.* "Ẹ̀rọ kì í purọ́, mà," ló wí. "Adú, dìde. Kó ẹrù ẹ."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú yàrá yẹn. Bàbá sísanra tẹ orí ba bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Oníbàárà kan ń jágbe létí Àǹtí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Ẹ má bínú." Ta ló ń sọ ọ́ fún? Òun gan-an ò lè sọ. Wọ́n mú Adú dé géètì, wọ́n ní kí máígáàdì tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wọ́n fa abọ́ oúnjẹ rẹ̀ yọ, wọ́n fa agbòjò yọ, wọ́n fa wáyà tó fi ń gbọ́ orin létí, tó ti já, yọ. Máníjà dúró sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Àǹtí gbé lọ sílé.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Adú kò tán lẹ́nu géètì. Ibi tó bá ti wáṣẹ́ dé, wọ́n á pe ibi tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, Máníjà á sì fi ohùn dídùn sọ fún wọn pé, "Ọmọ yẹn mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ." Kí ló tún kù? Ẹni tó ti máa ń súfèé nínú ilé ìwẹ̀ láti kékeré kò súfèé mọ́. Ó ń bá ìyá wọn sá aṣọ, ó ń bá a gbálẹ̀, ó ń fi ojú sá fún àwọn ará ilé kejì. Owó kọ́ ló ń dùn ún. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mú lọ.

Ìyá wọn ní kí wọ́n fìjà fún Ọlọ́run jà. "Aforóyaró kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀," ló wí níjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun.

"Màmi, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ni Àǹtí dáhùn. "Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Ṣé ìgbà tí mo gbé òkèlè sẹ́nu lo rí i sọ?" ni ìyá wọn wí, ó sì ti abọ́ rẹ̀ síwájú.

Òjò lọ, ilẹ̀ gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan ní òun ti pè tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ òun pa. Àǹtí ṣí ẹ̀yìn ẹ̀sùn náà láti wo ọjọ́ tó jẹ́. Jímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. *Ẹni tó tì í pa: Adú.*

Ó tún un wò. Ó ṣí òmíràn. Adú. Ó ṣí òmíràn sí i. Adú! Wọ́n lé èèyàn lọ, wọ́n gbàgbé orúkọ rẹ̀ sídìí iṣẹ́. Máníjà tí kò fẹ́ ra orúkọ tuntun kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lé dànù. Àǹtí wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó fi gèlè di ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Bàbá sísanra béèrè bóyá oníbàárà ló bú u. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àmọ́ ta ni yóò fi hàn? Gbogbo ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ Alága, ọwọ́ Máníjà ló ń gbà kọjá. Ó dákẹ́, ó ń wo ọ̀nà. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan péré ni tolóhun.

Ọjọ́ náà wá bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Alága kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀bá títì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ta àlòkù fìríìjì, ó sì mọ̀ pé níbi tí ọjà bá ti ń kùtà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn, wọ́n ń pa nǹkan mọ́ fóun ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kì í jáde mọ́ bíi ti àtijọ́. Ó wá ra áàpù mìíràn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa wọ inú Àpótí, kó kó ohun tí wọ́n bá ní kó kó, kó sì lọ tẹ́ ẹ sórí kọ̀ǹpútà Alága nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo. Àwọn ará yàrá ẹ̀yìn kò pẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Alágbàárù ni wọ́n pè é.

Àfi kí ẹnì kan so Alágbàárù mọ́ Àpótí. Inú Máníjà dùn ṣìnkìn. Ilẹ̀ tí òun ń gbá ní gbogbo Jímọ̀, ojú Alága ló fẹ́ lọ yìí! Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó, ó sì mọ̀ pé Adú ti kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́. Ó pe Àǹtí sí ọ́fíìsì tirẹ̀, ó fi àkáǹtì ọ̀gá, èyí tí wọ́n fi ń sanwó Àpótí, wọlé, ó ní kó jókòó kó ṣe é kíá.

Iṣẹ́ náà kò le. Àpótí á fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ gígùn jágajàga tí kò nítumọ̀, èèyàn á dà á kọ, á gbé e fún Alágbàárù, kó lè fi ṣílẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kíní, Alágbàárù ní òun ò mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Àǹtí wò ó títí, ó rí i pé àlàfo kékeré kan ló tẹ̀ lé e nídìí nígbà tó dà á kọ. Ó yọ àlàfo náà, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Alágbàárù béèrè ohun tó máa kó. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni pé kó kó ẹ̀sùn bó ṣe rí lónìí, ṣé ó ṣí àbí wọ́n ti tì í. Èkejì ni pé kó kó gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí i látẹ̀yìnwá, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ẹni tó ṣe é. Àǹtí wo ẹ̀yìn. Máníjà ń bá ẹnì kan ṣàwàdà lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ó ń béèrè o. Ṣé bó ṣe rí lónìí nìkan ni kó kó, àbí àtẹ̀yìnwá ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tì í?"

Máníjà fọwọ́ bo fóònù. "Àǹtí, kó gbogbo ẹ̀ jàre! Kí ni mò ń fi pamọ́?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín, kí ẹni tó wà lórí fóònù lè gbọ́ ọ.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Àǹtí tẹ èkejì. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọlé ní ìlà-ìlà, kò ka nǹkan mìíràn nínú wọn ju orúkọ kan lọ. Inú rẹ̀ dùn, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ó dùn débi pé ó fi etí gèlè rẹ̀ nu tábìlì Máníjà kó tó dìde.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Adú nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní sọ pé èmi ni mò ń yọ́ wọlé? Pé mo jí pásíwọ́ọ̀dù gbé lọ? Ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè o."

Ara Àǹtí tutù. Kò ronú débẹ̀ rárá. Ìbínú ti di í lójú, orí àbúrò rẹ̀ gan-an ló sì fẹ́ fi gbá ògiri. "Màá lọ yọ ọ́," ló wí. "Kí n tó jókòó lọ́la, màá yọ ọ́."

Adú mirí. "Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Wọ́n ti ń pè mí lólè tẹ́lẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n wò mí dáadáa kí wọ́n tó pè é."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún létí Àǹtí. Kò tíì parí "ẹ má bínú" tí ohùn àgbàlagbà fi dá a dúró.

"Ṣé ìwọ lo so ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ń jẹ́ Adú? Mo ń rí i kiri níhìn-ín bí iyọ̀."

"Àbúrò mi ni, mà."

"Ó mà ń ṣiṣẹ́ o. Jímọ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú kan ló fi ti gbogbo ẹ̀sùn pa."

"Mà, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti lé e. Ilé ló wà ní Jímọ̀." Ó wá sọ ti orúkọ kan ṣoṣo, ó sọ ti ilẹ̀ gbígbá, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Alága gbọ́ ọ tán. "Ẹnu tìẹ nìyẹn," ló wí. "Ojú tèmi ni mo fẹ́ fi rí i. Ní kí àbúrò ẹ wá bá mi lọ́sàn-án Jímọ̀, ní yàrá ìtajà níwájú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Jímọ̀ dé. Máníjà wọlé, ó patẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀! Àǹtí, dìde fún mi díẹ̀." Àǹtí dìde. Ó tún fi ọwọ́ gbọn àga fún un. Nínú yàrá ìtajà níwájú, gẹ́gẹ́ bí Adú ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, Alága gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, ó ń tẹ bọ́tìnnì tó ń rán Alágbàárù níṣẹ́ láìdúró de ọjọ́ Ajé. Ó ní kí Adú jókòó kọjú sí òun, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi mú, kó má sì gbé e sílẹ̀. Bí àwọn ẹ̀sùn ṣe ń di títì pa lójú rẹ̀, Adú, Adú, Adú, ìyá náà ń wo ọwọ́ tó di ife mú. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó ní kí Adú mu omi náà.

Ọ̀pá Alága ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo wọn dìde. Máníjà fò sókè, ó ń tẹríba, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ti àwọn ẹ̀sùn yìí pa báyìí?" ni Alága béèrè.

Ká ní ó sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn ni, bóyá ìyá náà á bú u kó sì fi í sílẹ̀. Máníjà ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yí kọ̀ǹpútà síta, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀sùn, ó fìka tọ́ ọ, ó sì di ẹni tí ẹnú yà. "Ha! Adú ni, mà! Olè ọmọ tí mo lé yẹn. Ó mà ti jí pásíwọ́ọ̀dù gbé lọ! Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Alága wí.

"Kì í purọ́ rárá, mà!"

"Adú, wọlé wá."

Adú wọlé, ife òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Máníjà, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Bàbá sísanra ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ̀yin lẹ máa ń tì wọ́n pa, sà. Gbogbo Jímọ̀. Àwa la ò lè sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù kó tó dé. Ṣùgbọ́n ó dé.

Alága ní kí Máníjà kó ẹrù rẹ̀, ó wá yíjú sí Àǹtí. "Orúkọ àbúrò ẹ, èmi fúnra mi ni màá pe gbogbo ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́. Kí lo tún fẹ́?"

Ó yẹ kí èèyàn dáadáa sọ pé kò sí, mà, Ọlọ́run á bù kún yín. Àǹtí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n tú báàgì Máníjà lẹ́nu géètì, mà."

Wọ́n tú u. Abọ́ oúnjẹ. Agbòjò. Ìgò lọ́fínńdà kan. Àǹtí dúró sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí Máníjà dúró sí nígbà yẹn gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ dénú.

Adú padà sórí àga rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba fìríìjì tuntun, Adú ló sì gbé e lọ fún un fúnra rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì náà lè mọ ojú rẹ̀. Súfèé padà sílé ìwẹ̀. Alága ra orúkọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pásíwọ́ọ̀dù kúrò lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ tí Àǹtí fẹ́, ó ní kí wọ́n kọ èyí tí gbogbo wọn ń pè é. Báyìí, bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá pè láti béèrè irú èèyàn tí Máníjà àtijọ́ jẹ́, òun ló ń gbé fóònù. Ó ń fi ohùn dídùn dá wọn lóhùn pé, "Bàbá yẹn mọṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ."

Òjò tún ti ń ṣú nígbà tí ẹ̀sùn kan já sínú Àpótí tí kò sọ ti fìríìjì. *Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka èyí. Kò síbi tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ pé ilé ni mo ń wà. Mo jẹ̀bi yín, mo jẹ̀bi Adú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba orúkọ mi jẹ́ mọ́.*

Ó kà á, ó tún un kà. Adú na ọrùn láti orí àga tirẹ̀, òun náà kà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní dá a lóhùn?"

Àǹtí lọ síbi tí àwọn ìdáhùn àtijọ́ wà. Ó wá èyí tí Máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èyí tí Alága ní kí wọ́n pa rẹ́, tí òun kò pa rẹ́.

"Bó ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn," ni Adú wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. *Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A ti gbọ́ ẹ̀dùn yín, a sì ti yanjú rẹ̀. Inú wa dùn láti sìn yín.* Lẹ́yìn náà ló ti ẹ̀sùn náà pa. Adú yí àga rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́, kò sì súfèé ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, Alágbàárù kó o pẹ̀lú àwọn tó kù, ó lọ tẹ́ ẹ síwájú Alága, ẹ̀bẹ̀ náà àti ìdáhùn rẹ̀. *Ẹni tó tì í pa: Àǹtí Ẹ-Má-Bínú.* Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó lè sọ pé Adú ni.